Owó Ìgbà Tí Ìtẹ́ Ṣófo: Bí A Ṣe Ń Dá Owó Àtijọ́ Mọ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Kọ́bọ̀ oníhò kan wà tí wọ́n rọ ní ọdún 1936. Ọba tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ kò dé adé títí tó fi kúrò lórí ìtẹ́. Ilẹ̀ wa gan-an ni wọ́n rọ ọ́ fún: Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà lónìí, Sierra Leone àti Gambia. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, níbi tí àpótí àwọn ìyá àgbà ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ agboolé, ó ṣeé ṣe kó wà láàárín bọ́tìnnì àti kọ́kọ́rọ́ tí kò ní àgádágodo mọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò kó o fún oníkóńdẹ́ẹ̀mù pọ̀ mọ́ ìkòkò tó ti lu.

Owó yìí ní ẹbí ní Róòmù, ẹbí náà sì níyì lọ́jà jù ú lọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rọ owó fàdákà nílùú àwọn Póòpù nígbà tí Póòpù kan bá ti kú tí wọn kò sì tíì yan òmíràn. Àkókò yẹn kì í sábà gùn, nítorí náà owó tó bá jáde nínú rẹ̀ kì í pọ̀ bíi ti Póòpù tó lo ogún ọdún lórí àga, ojú sì ń wá a. Orí ìwé yìí wà fún ẹni tó bá owó àtijọ́ nílé bàbá rẹ̀, fún ẹni tí wọ́n gbé e wá bá nínú ìsọ̀ ní Sábó Ìkòròdú, àti fún ẹni tó lọ sí Róòmù tó sì ra ohun kan bọ̀ tí kò dá a lójú.

Agboòrùn àti kọ́kọ́rọ́ méjì

Bí ọba bá wàjà nílẹ̀ Yorùbá, adelé ni yóò máa mójú tó ìlú títí àwọn afọbajẹ yóò fi parí iṣẹ́ wọn. Ní Róòmù, Kádínà kan ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, Camerlengo sì ni oyè rẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ dúkìá àga Póòpù títí èéfín funfun tó ń kéde Póòpù tuntun yóò fi rú. Nígbà tí Póòpù ṣì ń jọba lórí ilẹ̀ gidi láàárín gbùngbùn Ítálì, owó kò gbọdọ̀ wọ́n lóde nítorí pé ẹnì kan kú: ọmọ ogun ń retí owó oṣù, ọjà ń ná. Ṣùgbọ́n orúkọ ta ni wọn yóò kọ sí i? Èyí tó kú kò láṣẹ mọ́, èyí tó ń bọ̀ kò tíì lórúkọ. Àmì ìdílé Camerlengo ni wọ́n wá ń fi sí i.

Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ojú Póòpù kankan lára owó náà. Ohun tí ènìyàn yóò wá ni agboòrùn tó ṣí díẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ dì í, kọ́kọ́rọ́ méjì tó dábùú ara wọn nísàlẹ̀ rẹ̀, àti asà àmì ìdílé Kádínà pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tí wajawaja òwú rọ̀ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àkọlé SEDE VACANTE, ìyẹn "àga ṣófo", yóò yí i ká, ọdún yóò sì tẹ̀ lé e, nígbà mìíràn ní nọ́ńbà àwọn ará Róòmù. Lẹ́yìn rẹ̀, àdàbà Ẹ̀mí Mímọ́ ló máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà, tí ìtànṣán yí i ká. Ó bọ́gbọ́n mu: àwọn Kádínà wà nínú ilé tí wọ́n tì pa, wọ́n ń dúró de ẹni tí Ẹ̀mí yóò tọ́ka sí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ nìyí ní ọdún 1846. Gregory Kẹrìndínlógún kú ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà. Wọ́n yan Pius Kẹsàn-án ní ọjọ́ 16 oṣù náà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, síbẹ̀ owó fàdákà tí wọ́n ń pè ní scudo jáde fún un, ó wúwo tó gíráàmù 26.9, fàdákà sì jẹ́ ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Irú rẹ̀ ti jáde ní 1829 àti 1830 ṣáájú.

Lẹ́yìn náà ni àlàfo gígùn dé. Ní ọdún 1870, ọmọ ogun Ítálì gba Róòmù lọ́wọ́ Póòpù, ilé tí wọ́n ti ń rọ owó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 1929 ni àdéhùn Lateran dá Ìlú Vatican sílẹ̀, tí Póòpù sì tún lẹ́tọ̀ọ́ láti ní owó tirẹ̀. Èyí wúlò fún ẹni tó ń rajà: àwọn Póòpù kú ní 1878, 1903, 1914 àti 1922, ṣùgbọ́n kò sí owó ìnáwó kankan láti Vatican fún àwọn àkókò wọ̀nyẹn. Bí ẹnì kan bá gbé irú rẹ̀ wá pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn ọdún yìí, mẹ́dàlì ló mú dání, tàbí ayédèrú.

Èyí tó kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn àlàfo náà ni ti 1939, ó sì ní ìtàn tó dùn. Pius Kọkànlá kú ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Eugenio Pacelli ni Camerlengo, nítorí náà àmì ìdílé tirẹ̀ ni wọ́n fi sára lire 5 àti lire 10 fàdákà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, Pacelli fúnra rẹ̀ ni wọ́n yàn, ó sì di Pius Kejìlá. Lire 5 yẹn wọn gíráàmù 5, lire 10 wọn gíráàmù 10, ìdá 83.5 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì ni fàdákà. Nígbà tí òun náà kú ní 1958, àti nígbà tí John Kẹtàlélógún kú ní 1963, lire 500 fàdákà tó wọn gíráàmù 11 ló jáde, Kádínà Aloisi Masella sì ni adelé nígbà méjèèjì. Ọdún 1978 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: Paul Kẹfà kú nínú oṣù Kẹjọ, John Paul Kìíní lo ọjọ́ 33, òun náà kú, àga sì ṣófo lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù méjì. Kádínà Jean Villot ló di ilé mú nígbà méjèèjì.

Owó euro ló wà báyìí. Ní 2005, lẹ́yìn ikú John Paul Kejì, euro 5 fàdákà tó wọn gíráàmù 18 jáde pẹ̀lú àmì Kádínà Martínez Somalo. Ní 2013, kò sẹ́ni tó kú. Benedict Kẹrìndínlógún ló fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù Kejì, ṣùgbọ́n àga ṣófo títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, owó sì jáde pẹ̀lú àmì Kádínà Bertone. Ọmọ Èkó kan wà nínú ilé ìdìbò náà nígbà méjèèjì, ìyẹn Kádínà Anthony Olubunmi Okogie, tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù àgbà fún ìjọ Kátólíìkì Èkó láti 1973 sí 2012. Abẹ́ àkóso bíṣọ́ọ̀bù àgbà Èkó ni àwọn ìjọ Kátólíìkì Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà, títí kan Yunifásítì Augustine ní Ìlárá lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí owó Vatican bá wà nílé àwọn tó máa ń rin ìrìn àjò mímọ́.

Ohun méjì ló máa ń tan irú àwọn bẹ́ẹ̀ jẹ. Àkọ́kọ́ ni euro 2 ti Vatican. Ó lẹ́wà, wọ́n tò ó sínú ike aláràbarà, ṣùgbọ́n kò sí fàdákà lára rẹ̀ rárá. Èkejì ni mẹ́dàlì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà Basilica Peter Mímọ́. Bó bá ní òrùka kékeré lókè tí wọ́n lè ki ṣéènì bọ̀, tí kò sì sí LIRE tàbí EURO lára rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ni. Ìbùkún lè wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjà fún un láàárín àwọn olùṣàkójọ owó.

Kọ́bọ̀ ọba tí kò dé adé

George Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1936. Ọmọ rẹ̀ Edward Kẹjọ rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ó ti fi ìtẹ́ sílẹ̀ nítorí Wallis Simpson, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ fi ṣaya. Ọjọ́ tí wọ́n ti dá fún ìwúyè rẹ̀, 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1937, kò yẹ̀. Àbúrò rẹ̀ George Kẹfà ló dé adé lọ́jọ́ náà.

Nílé Gẹ̀ẹ́sì, owó tó ní àwòrán Edward kò jáde fún ìnáwó. Wọ́n ṣì ń ṣe ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ nígbà tó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Àríyànjiyàn tilẹ̀ wà lórí àwòrán ọ̀hún: àṣà wọn ni pé kí ọba tuntun kọjú sí òdì kejì èyí tó ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n Edward ní apá òsì lòun fẹ́ kọjú sí bíi ti bàbá òun. Owó oníhò ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò ní wàhálà yìí. Ihò ló wà níbi tí orí ọba ì bá wà. Orúkọ nìkan ni wọ́n ní láti pààrọ̀, nítorí náà wọ́n tètè rọ ọ̀nínì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ lórúkọ rẹ̀, wọ́n kó wọn wá, wọ́n sì ná wọn. Ilẹ̀ Ìlà-oòrùn Áfíríkà, Fiji àti New Guinea náà rí irú tiwọn gbà.

Ẹni tó bá mú kọ́bọ̀ yẹn lọ́wọ́ yóò rí i pé ó tóbi ju bí wọ́n ṣe ń rò lọ: ó fẹ̀ tó mìlímítà 30, ó sì wọn bíi gíráàmù mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ funfun bí eérú, nítorí bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n pò pọ̀. Lójú kan, adé wà lókè ihò, ONE PENNY wà níbẹ̀, EDWARDVS VIII REX ET IND: IMP: sì wà ní etí. Lójú kejì, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà yí ihò ká, BRITISH WEST AFRICA àti 1936 sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí lẹ́tà H bá wà nítòsí ọdún, ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló rọ ọ́. KN ni King's Norton. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan, ilé ìrọwó ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Ibi tí òwú ti fi ń wọlé jáde lára ihò rẹ̀ a máa dán ju ibi yòókù lọ, nítorí àwọn oníṣòwò a máa sín owó yìí sókùn bí wọ́n ṣe ń sín owó ẹyọ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni nọ́ńbà. Edward Keje, VII, ni orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn owó oníhò àkọ́kọ́ tó jáde láti 1907. Ọ̀nínì ìgbà náà tí wọ́n kọ́kọ́ fi àlùmíníọ́ọ̀mù rọ fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Lára àwọn yẹn ni NIGERIA ti wà gedegbe, ọdún méje kó tó di pé Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914. Èkejì ni pé owó George Karùn-ún tó kọ 1936 náà wà nílẹ̀, nítorí náà ọdún nìkan kò tó ẹ̀rí. Orúkọ ni kí ènìyàn kà, kó sì ka igi tó wà lẹ́yìn V dáadáa.

Ṣé ó wọ́n? Rárá. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń pariwo pé mílíọ̀nù náírà ni. Wọ́n rọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn olùṣàkójọ káàkiri ayé lówó pọ́ọ́kú. Ẹwà rẹ̀ wà nínú pé òun ni ohun tó sún mọ́ owó ìgbà àga-ṣófo jù lọ tí ènìyàn lè bá nínú ilé Yorùbá láìnáwó kankan. Èyí tó tuntun kalẹ̀, tí kò wọ ọjà rí, ló ń mú owó díẹ̀ wá.

Dọ́là Kòsọ́kọ́ àti ṣílè onígi ọ̀pẹ

Fàdákà ti dé Ẹ̀pẹ́ kí ṣílè tó dé. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ọkọ̀ ogun lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní ìparí ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ìlú náà fi pín sí Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ dòní. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, ó bá Kọ́ńsù Benjamin Campbell ṣe àdéhùn: yóò gbàgbé ìtẹ́ Èkó, yóò fi òwò ẹrú sílẹ̀, wọn yóò sì máa fún un ní ẹgbàá owó ẹyọ lọ́nà 2,000 lọ́dọọdún, tàbí dọ́là 1,000, èyí tó bá wù ú.

Ìṣirò tó wà nínú àdéhùn yẹn yẹ fún àfiyèsí. Ẹgbàá 2,000 jẹ́ ọ̀kẹ́ 200, ọ̀kẹ́ kan sì tó ẹrù alárù kan. Dọ́là fàdákà 1,000 kò ju nǹkan bíi kílò 27 lọ; ọkùnrin kan tó lágbára lè gbé e wọ inú ọkọ̀ ojú omi. Owó ẹyọ 4,000 ni wọ́n fi dọ́là kan ṣe. Dọ́là tí wọ́n ń sọ yìí ni ti Sípéènì, ti Mẹ́síkò àti irú wọn, tí àwọn oníṣòwò epo pupa àti ẹrú ń gbé kiri etí òkun. Ní 1880 ni ìjọba fi òfin mú dọ́là fàdákà kúrò nínú owó ìnáwó, kí ṣílè Gẹ̀ẹ́sì lè gba ilẹ̀.

Nítorí náà, bí owó fàdákà ńlá kan bá jáde láti inú ìpìlẹ̀ ilé ní Ẹ̀pẹ́, tàbí lẹ́bàá Èbúté Ìkòròdú tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà ẹrù Ìjẹ̀bú sí ọ̀sà, kò yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò pé ìtàn àlọ́ ni. Ọ̀nà owó ni ìlú méjèèjì. Ìkòròdú ṣe pàtàkì débi pé ogun Ẹ̀gbá dó tì í ní 1865, títí John Hawley Glover, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó, fi kó ọmọ ogun wá tú wọn ká ní ìparí oṣù Kẹta. Ẹyọ kan péré ni kí ènìyàn ṣọ́ra fún: dọ́là Maria Theresa ti Austria. Obìnrin tó sanra, tó bo orí, ló wà lára rẹ̀, 1780 sì ni gbogbo wọn ń kọ. Ọdún tí obìnrin náà kú nìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń rọ ọ́ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní Vienna, ní Lọ́ńdọ̀nù, kódà ní Róòmù láyé Mussolini. Fàdákà ni lóòótọ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni ènìyàn kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ṣílè tiwa dé lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1912. Láti 1913 ni tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì ti jáde, tí igi ọ̀pẹ dúró ṣinṣin lára ṣílè. Ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni fàdákà. Nígbà tí fàdákà wọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ wọ́n ní 1920. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n kò sì fẹ́ràn owó bébà tó ti ń jáde láti 1916 náà. Àwọn kan ń gbà á ní ìdínkù. Fàdákà ni wọ́n ń kó pamọ́, ìdí rèé tí àwọn ṣílè tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ fi ṣì ń jáde nínú àpótí.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò

Àwọ̀ ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Idẹ pupa rúsúrúsú, fàdákà funfun tàbí dúdú. Dúdú kò burú. Fàdákà tó ti pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ ọ̀sà á máa dúdú. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà lẹ́yìn spíkà rédíò tó bàjẹ́ ni ẹlẹ́rìí kejì: bó bá fa owó náà, irin wà nínú rẹ̀, kì í ṣe fàdákà. Bí kò bá sì fà á, ìyẹn nìkan kò fi hàn pé fàdákà ni, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa idẹ àti bàbà náà.

Ìwọ̀n ló ń yanjú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ wúrà èyíkéyìí ní Ìkòròdú ní òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka ìdá gíráàmù. Tọ́rọ́ fàdákà yẹ kó wọn 1.41, sísì 2.83, ṣílè 5.66, ṣílè méjì 11.31. Èyí tí ọwọ́ ti jẹ yóò dín díẹ̀. Bó bá lé, ẹ fura.

Fún ẹni tó fẹ́ rí òkodoro, omi wà. Kí wọ́n gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n náà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo. Kí wọ́n fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so owó náà, kí wọ́n sì rì í sínú omi láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Nọ́ńbà tó bá jáde ni ìwọ̀n omi tí owó náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣílè méjì fàdákà yóò fi nǹkan bíi 1.1 hàn. Idẹ yóò fi bíi 1.3 hàn. Ìyàtọ̀ yẹn kéré, àmọ́ òṣùwọ̀n kì í purọ́ bí ọwọ́ ẹni tó di òwú mú kò bá gbọ̀n. Èyí kò ba owó jẹ́ rárá, ó sì dára ju kí wọ́n fi fáìlì ha á, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́

Ìparun tó pọ̀ jù lọ kò ti ọwọ́ olè wá. Ọwọ́ ọmọ ilé tó fẹ́ kí owó dán ló ti ń wá. Eérú, yanrìn, omi ọsàn wẹ́wẹ́, ọṣẹ ìfọ̀kòkò, kànrìnkàn onírin: gbogbo wọn ló ń ha ojú owó, olùṣàkójọ sì máa ń rí àpá wọ̀nyẹn ní ìwò àkọ́kọ́. Owó tó dúdú níye lórí ju èyí tí wọ́n bó lójú lọ. Bí ẹrẹ̀ bá bò ó, omi mímọ́ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ díẹ̀ tó, kí wọ́n sì fi aṣọ òwú gbá a gbẹ láìfi ra á.

Etí owó ni kí wọ́n máa fi ọwọ́ mú. Etí ọ̀sà ni Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú wà, ọ̀rinrin kò jìnnà, bàbà á sì máa yọ nǹkan aláwọ̀ ewé jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò bébà kékeré, gbogbo wọn nínú agolo tó dé dáadáa, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa omi tí wọ́n máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun, ti tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bí ike ni kí wọ́n sá fún, ó máa ń lẹ̀ mọ́ owó tó bá pẹ́.

Owó tí wọ́n ti lu ihò sí lára láti fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn kò ní iye mọ́ lọ́wọ́ olùṣàkójọ tó le. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n yọ́ ọ. Ohun ọ̀ṣọ́ ìdílé ni, ó sì ti di ohun mìíràn.

Bó bá di ọ̀rọ̀ títà

Kí ẹni tó ń tà kọ́kọ́ mọ iye fàdákà tó wà níbẹ̀. Ṣílè kan ní bíi gíráàmù 5.2 fàdákà pọ́ńbélé nínú. Áńsì tí wọ́n fi ń díye lé fàdákà lágbàáyé jẹ́ gíráàmù 31.1. Ṣílè mẹ́fà, nígbà náà, lé díẹ̀ ní áńsì kan. Iye áńsì ọjọ́ náà wà lórí fóònù. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní gba owó irin jákujàku fún fàdákà, kò sì ní retí owó ilé fún ṣílè mẹ́ta.

Owó Vatican ìgbà àga-ṣófo yàtọ̀, nítorí iye rẹ̀ sábà máa ń ju ti fàdákà inú rẹ̀ lọ. Òun ni kí wọ́n má ta fún alágbẹ̀dẹ. Kí wọ́n ya àwòrán ojú méjèèjì lójú oòrùn òwúrọ̀, kí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n sì fi wé iye tí irú rẹ̀ ti tà gan-an níbi gbàǹjo ilẹ̀ òkèèrè, kì í ṣe iye tí ẹnì kan kàn kọ pé òun ń retí. Ẹni tó bá ní kí wọ́n san owó ìforúkọsílẹ̀ kí òun tó ra owó, gbájú-ẹ̀ ni.

Ohun ojúbọ àti ohun ibojì ò sí lára ọjà yìí. Bí wọ́n bá gbé owó tó ṣì ní ẹ̀jẹ̀ àti epo lára wá bá ènìyàn, tàbí ìkòkò owó tó jáde nínú ilẹ̀ níbi iṣẹ́ ọ̀nà, kí wọ́n fi lọ Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè ní Oníkan l'Ékòó, tó ti ń ṣí ilẹ̀kùn fún ará ìlú láti 1957. Ẹni tó bá dé Àbújá lè wo àwọn irú owó wọ̀nyí ní mùsíọ́ọ̀mù owó tó wà ní Báńkì Àpapọ̀.

Ó ku ìwé kékeré kan tí ó yẹ kó máa bá agolo náà rìn. Fún owó kọ̀ọ̀kan, ìlà kan péré: irú rẹ̀, ọdún, lẹ́tà ilé ìrọwó, ìwọ̀n, ibi tó ti wá àti ẹni tó fi sílẹ̀. Báyìí: Ṣílè méjì, 1913, H, gíráàmù 11.2, kò ní ihò, ó dúdú, a kò fọ̀ ọ́, láti inú àpótí ìyá bàbá wa ní Èkó-Ẹ̀pẹ́.